Ojú Ta Ni A Fi Ń Wo Amóhùnmáwòrán?

Kò tí ì pẹ́ púpọ̀ tí àwọn olùkọ́ méjì kan, ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́, fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ara wọn jà nítorí ìpàdé ìpolongo ìbò kan tí ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì kò lọ. Inú amóhùnmáwòrán ni oníkálùkù ti wò ó nínú ilé rẹ̀. Èkínní sọ pé èrò pọ̀ bí eéṣú, pé bí a bá ju abẹ́rẹ́ sókè kò ní balẹ̀. Èkejì búra pé àga lásán ni òun rí, pé àwọn tí wọ́n wà níbẹ̀ kò tó èrò ìsọmọlórúkọ. Wọ́n gbé ẹjọ́ náà wá sí ọ́fíìsì wa, wọ́n ní kí a sọ ẹni tí ń purọ́. Ẹnì kan nínú wa wà ní pápá náà lọ́jọ́ náà, ohun tí ó sì sọ ni pé kò sí ẹni tí ó purọ́ nínú wọn. Ilé iṣẹ́ kan gbé kámẹ́rà rẹ̀ sílẹ̀ nídìí pèpéle, ó kọjú rẹ̀ sí àwọn tí wọ́n fún pọ̀ mọ́ ara wọn níwájú, orí àti ọwọ́ nìkan ni ó sì kún inú àwòrán náà. Ilé iṣẹ́ kejì gbé tirẹ̀ sí orí òkè ilé kan lẹ́yìn pápá, níbi tí àwọn àga tí oòrùn lé èrò kúrò lórí wọn wà. Òtítọ́ ni èkínní, òtítọ́ ni èkejì.

Ẹjọ́ kékeré yìí ni ó mú wa pinnu láti kọ̀wé lórí ohun tí a kì í sábà sọ nínú ìwé ìròyìn. Láti ọdún 1959 ni a ti ń wo amóhùnmáwòrán ní ilẹ̀ Yorùbá. A mọ orúkọ àwọn òṣèré, a mọ ohùn àwọn asọ̀ròyìn, a sì mọ àwọn aláṣẹ tí ojú wọn ń hàn níbẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹnì kan ṣoṣo tí a kò mọ̀ ni ẹni tí ó di kámẹ́rà mú, bẹ́ẹ̀ ojú rẹ̀ ni a fi ń wo gbogbo àwọn yòókù. Ọ̀nà tí ó gbà ń wò kò sì dúró lójú kan. Ó ti yí padà lọ́pọ̀ ìgbà, ìyípadà kọ̀ọ̀kan ni ó sì yí ohun tí àwa náà ń pè ní òtítọ́ padà díẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, kámẹ́rà kì í rìn jìnnà. Nígbà tí BBC bẹ̀rẹ̀ amóhùnmáwòrán ní Alexandra Palace ní Lọ́ńdọ́nù, ní ọjọ́ 2, oṣù Kọkànlá, ọdún 1936, ẹrù wúwo ni kámẹ́rà, okùn nípọn sì so ó mọ́ ara ilé. Bí wọ́n bá tilẹ̀ gbé e jáde, ojú kan ni yóò dúró sí títí ètò yóò fi parí. Ní ọjọ́ 12, oṣù Karùn-ún, ọdún 1937, nígbà tí a dé Ọba George Kẹfà ládé, ẹ̀gbẹ́ títì ni kámẹ́rà dúró sí tí ó ń retí kí ọba kọjá. A kò jẹ́ kí ó wọ inú ilé ìsìn. Ìgbà tí ó kan Ọbabìnrin Elizabeth ní ọdún 1953 ni a tó gbà á láàyè láti wọlé, síbẹ̀ nígbà tí ó di àkókò tí a ó fi òróró yan ọbabìnrin náà, wọ́n gbé ìbòrí bò ó, kámẹ́rà kò sì rí i. Àwa tí a mọ ohun tí ń jẹ́ ìpèbí kò ní kẹ́gàn wọn fún èyí. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí ni pé láti òwúrọ̀ iṣẹ́ yìí ni ẹnì kan ti ń pinnu ibi tí ojú kámẹ́rà lè dé àti ibi tí kò gbọdọ̀ dé.

Ní tiwa, ọ̀rọ̀ òṣèlú ni ó bí amóhùnmáwòrán. Ní ọdún 1953, Gómìnà John Macpherson bọ́ sórí rédíò, ó sì bẹnu àtẹ́ lu àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ Action Group. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ béèrè pé kí a fún òun náà láàyè lórí rédíò kan náà láti fèsì. Wọ́n kọ̀ fún un. Kò gbàgbé. Nígbà tí òfin ọdún 1954 fi àyè gba àwọn ìjọba agbègbè láti dá ilé iṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ tiwọn sílẹ̀, Ìwọ̀ Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ìmúrasílẹ̀, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 31, oṣù Kẹwàá, ọdún 1959, àwòrán WNTV hàn ní Ìbàdàn. “Àkọ́kọ́ ní Áfíríkà” ni wọ́n fi ṣe oríkì rẹ̀. Àwọn ará Mòrókò lè bá wa jiyàn lórí èyí, nítorí àwọn kan ti dán an wò lọ́dọ̀ wọn ní 1954. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò dín iyì tiwa kù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà géérégé lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 12, oṣù Kejìlá, ni ìbò àpapọ̀ wáyé. Kò sí àní-àní pé àwọn tí wọ́n dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ mọ̀ pé ẹni tí a kò bá rí, a kì í gbọ́ tirẹ̀ pẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a wọ inú sítúdíò ìgbà náà wò. Kámẹ́rà kò lè fi ojú lásán sún mọ́ ènìyàn bí ti òde òní. Lẹ́ǹsì mẹ́rin ni ó sábà máa ń wà níwájú rẹ̀ lórí àwo kan tí ń yí: èyí tí ń wo gbogbo yàrá wà níbẹ̀, èyí tí ń wo ojú ẹnì kan ṣoṣo sì wà níbẹ̀. Bí a bá fẹ́ pààrọ̀ ọ̀kan sí òmíràn, ẹni tí ń lo kámẹ́rà gbọ́dọ̀ yí àwo náà, bí ó bá sì ń yí i lọ́wọ́ nígbà tí àwòrán rẹ̀ wà lójú ayé, yóò dà bí ẹni pé òòyì ń kọ́ gbogbo ìlú. Nítorí náà ni kámẹ́rà kejì ṣe gbọ́dọ̀ wà, èyí tí a ó máa fi hàn nígbà tí èkínní bá ń palẹ̀ mọ́. Olùdarí jókòó sí yàrá mìíràn, àwòrán kéékèèké wà níwájú rẹ̀, ó sì ń pàṣẹ: “Ọ̀kan! Èjì! Padà sí ọ̀kan!” Ìṣòro irin lásán yìí wà lára ohun tí ó fi ẹsẹ̀ àṣà kan múlẹ̀ nínú amóhùnmáwòrán, èyíinì ni pé kí a máa fo láti ojú ẹni tí ń sọ̀rọ̀ sí ojú ẹni tí ń gbọ́. Iná sítúdíò mú bí iná alágbẹ̀dẹ, òógùn a sì máa ṣàn lára òṣèré. Bí ẹnì kan bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ó ti jáde lọ nìyẹn; kò sí pé a ó tún un ṣe.

Sí inú irú yàrá bẹ́ẹ̀ ni àwọn eléré wa wọ̀. Ní ọdún 1960, Ṣẹ́gun Olúṣọlá darí eré Wọlé Ṣóyínká kan ní WNTV, èyí tí ń jẹ́ My Father's Burden. Àwọn ẹgbẹ́ Kọ́lá Ògúnmọ́lá àti Dúró Ládípọ̀ wá, bẹ́ẹ̀ náà ni Mósè Ọláìyá Adéjùmọ̀, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Sàlá, pẹ̀lú àwọn Aláwàdà rẹ̀. Orí ìtàgé ni wọ́n ti kọ́ iṣẹ́. Òṣèré orí ìtàgé máa ń pariwo kí ẹni tí ó jókòó sẹ́yìn pátápátá lè gbọ́, a sì máa gbé ọwọ́ ga kí ará ẹ̀yìn lè rí i. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà kò jókòó sẹ́yìn. Kò jìnnà sí imú rẹ̀. Èyí ni ó fà á tí àwọn eré ìgbà náà fi dà bí ẹni pé àwọn òṣèré ń bá ẹni tí ó wà ní òdì kejì odò sọ̀rọ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan a máa fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́. Àwa kò bá wọn ṣe é. Kámẹ́rà tí ó dúró jẹ́ẹ́ tí ó jẹ́ kí ẹsẹ̀ oníjó wà nínú àwòrán pẹ̀lú orí rẹ̀ mọ iyì ijó ju kámẹ́rà òde òní lọ, èyí tí ń já ijó sí wẹ́wẹ́ tí ènìyàn kò fi mọ ẹni tí ó ni ẹsẹ̀ tí ó ń rí.

Orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ni ó wá fi han gbogbo ayé ohun tí fífò láti ojú dé ojú lè ṣe fún olóṣèlú. Ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1960, John Kennedy àti Richard Nixon kojú ara wọn nínú sítúdíò kan ní Chicago. Nǹkan bí 70 mílíọ̀nù ènìyàn ni ó wò wọ́n. Kò pẹ́ tí Nixon ti ilé ìwòsàn dé nítorí orúnkún tí ó ń dùn ún. Ó ti rù, aṣọ rẹ̀ tí ó ní àwọ̀ eérú sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wọnú ògiri nínú àwòrán dúdú-àti-funfun ìgbà náà. Kennedy wọ aṣọ tí ó dúdú, ó sì ń wo inú kámẹ́rà bí ẹni tí ń bá onílé sọ̀rọ̀ nínú pálọ̀ rẹ̀. Síbẹ̀ kì í ṣe aṣọ ni ó ṣe Nixon ní ibi jù lọ. Nígbà tí Kennedy bá ń sọ̀rọ̀, olùdarí a máa gbé ojú Nixon jáde bí ó ti ń gbọ́, àwọn ènìyàn sì rí i tí ó ń nu òógùn. Kò sọ ọ̀rọ̀ búburú kan ní àkókò náà. Kò tilẹ̀ sọ̀rọ̀ rárá. Kámẹ́rà ni ó bá a sọ̀rọ̀. Ọdún 16 ni ó kọjá kí àwọn tí ń du ipò Ààrẹ níbẹ̀ tó tún gbà láti dúró níwájú ara wọn bẹ́ẹ̀, ní ọdún 1976. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ tí ẹ máa ń sùn lórí àga ọlọ́lá nígbà tí olórí yín bá ń sọ̀rọ̀ níwájú, ẹ̀yin gan-an ni à ń bá wí.

Ní ọdún 1960 kan náà ni nǹkan mìíràn ṣẹlẹ̀ tí kò pariwo tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tí ipa rẹ̀ jinlẹ̀. Àwọn ọkùnrin kan tí Robert Drew kó jọ gbé kámẹ́rà fíìmù lé èjìká, wọ́n tẹ̀lé Kennedy àti Hubert Humphrey káàkiri Wisconsin nígbà ìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ wọn. Primary ni orúkọ fíìmù náà. Ibì kan wà nínú rẹ̀ tí kámẹ́rà rìn tẹ̀lé Kennedy gba àárín èrò wọ inú gbọ̀ngàn: ẹ̀yìn orí rẹ̀ ni à ń rí, àti ọwọ́ àwọn tí ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, àwòrán náà sì ń mì bí ẹni tí ń rìn ti ń mì. Ṣáájú ìgbà náà, a máa ń gbé olóṣèlú síwájú kámẹ́rà bí ère. Láti ìgbà náà ni kámẹ́rà ti di ọ̀kan nínú àwọn tí ń tì í lẹ́yìn. Irú kámẹ́rà fíìmù bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníròyìn wa náà gbé káàkiri ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn. Ṣùgbọ́n fíìmù tí a bá yà lọ́nà jíjìn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rìnrìn-àjò padà sí ilé iṣẹ́, a ó fọ̀ ọ́ nínú oògùn, a ó gbẹ ẹ́, a ó gé e, kí ará ilé tó rí i.

Téèpù ni ó pa ìdúró yìí run. Ní 1956 ni ilé iṣẹ́ Ampex gbé ẹ̀rọ tí ń gba àwòrán sórí téèpù jáde ní Amẹ́ríkà; ìbú téèpù náà tó íǹṣì méjì. Ní ọjọ́ 7, oṣù Kejìlá, ọdún 1963, Tony Verna fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe àtúnwò góòlù kan lójú ẹsẹ̀ nínú bọ́ọ̀lù àwọn Amẹ́ríkà. Títí di ìgbà náà, ohun tí ó bá kọjá ti kọjá. Ẹ wo ibi tí ó já sí: ní Ife-ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 2018, a rí adarí eré tí ó sá kúrò lórí pápá lọ wo amóhùnmáwòrán kí ó tó mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lójú ara rẹ̀.

Àwọ̀ dé sí Nàìjíríà ní Jọs ní ọdún 1974. Ní 1977, ìjọba ológun fi òfin kó gbogbo ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán pọ̀ sábẹ́ NTA, ti Ìbàdàn náà sì lọ síbẹ̀. Nígbà náà ni ọ̀nà kan tí a ń gbà ya àwòrán ìjọba fìdí múlẹ̀ tí kò tí ì kúrò nílẹ̀ wa títí di òní: mọ́tò aláṣẹ yóò dúró, aláṣẹ yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò bọ àwọn ènìyàn lọ́wọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kámẹ́rà yóò wá rìn díẹ̀díẹ̀ lójú àwọn tí wọ́n jókòó sórí àga ọlọ́lá, bí alága tí ń ka orúkọ àlejò. Gbogbo ohun mìíràn ni ó ti yí padà nínú iṣẹ́ kámẹ́rà. Èyí nìkan ni kò yí.

Lẹ́ǹsì kan ṣoṣo tí ń fà jìnnà tí ó tún ń sún mọ́ ni ó lé àwo lẹ́ǹsì mẹ́rin kúrò. Ohun rere ni, ṣùgbọ́n nígbà tí kámẹ́rà fídíò kékeré dé ọwọ́ àwọn eléré wa, wọ́n lò ó bí ọmọdé ti ń lo fèrè tuntun. Bí ìyàwó bá gbọ́ pé ọkọ rẹ̀ ti fẹ́ ẹlòmíràn, kámẹ́rà yóò já lu ojú rẹ̀ gbì, orin yóò ké, yóò sì tún já lu ú lẹ́ẹ̀kejì bí ẹni pé a kò rí i ní àkọ́kọ́. A máa ń rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀ ó yẹ kí a mọ ìdí rẹ̀. Olóyè Hubert Ògúnǹdé fi fíìmù gidi ṣe Aiyé ní 1979, Bàbá Sàlá fi fíìmù gidi ṣe Ọ̀run Móoru ní 1982, àwọn olè sì da ẹ̀dà rẹ̀ sí ìgboro títí ó fi jẹ gbèsè. Nígbà tí owó náírà wá ṣubú, kò sí ẹni tí ó lè ra fíìmù mọ́. Téèpù fídíò ni ó kù. Ẹni tí owó rẹ̀ kò ju ti pálọ̀ kan, ẹ̀rọ amúnáwá kan àti ọjọ́ díẹ̀ lọ, pálọ̀ náà ni yóò máa yà.

Nínú àwọn tí wọ́n yàtọ̀ ni Túndé Kèlání. WNTV ni ó wọ̀ ní 1970 láti kọ́ iṣẹ́ kámẹ́rà fíìmù, ó sì tún lọ kàwé nínú rẹ̀ ní Lọ́ńdọ́nù. Ẹni tí ó bá ti kọ́ iṣẹ́ nígbà tí gbogbo ẹsẹ̀ bàtà fíìmù jẹ́ owó a máa ronú kí ó tó tẹ bọ́tìnì. Ẹ tún Ṣaworoidẹ ti ọdún 1999 wò. Fídíò ni a fi ṣe é, kì í ṣe fíìmù, ṣùgbọ́n kámẹ́rà jáde sí gbangba, ó fún ìlù láàyè láti sọ̀rọ̀ tán, ó sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó jìnnà sí ọba. Olóògbé Adébáyọ̀ Fálétí, tí ó ṣe Ọ̀pálábá nínú rẹ̀, ti ṣiṣẹ́ ní WNTV rí. Kì í ṣe èèṣì.

Mímì àwòrán tí Primary bẹ̀rẹ̀ wá di oge. Nígbà tí Hill Street Blues, eré nípa àwọn ọlọ́pàá, bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1981, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ mi kámẹ́rà kí eré lè jọ ìròyìn. Lónìí, àwòrán tí ń mì ni àwọn ènìyàn kọ́kọ́ ń gbàgbọ́. Ní oṣù Kẹwàá, ọdún 2020, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ wa jáde lòdì sí SARS, fóònù ọwọ́ wọn ni ayé fi rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ọlá ńlá ni èyí. Bí ó bá jẹ́ ti ayé ìgbà kámẹ́rà olókùn ni, kò sí ẹni tí ì bá rí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n fóònù tí a gbé dúró lóòró ń gé ọ̀tún àti òsì kúrò, ẹni tí ó sì fẹ́ tan ènìyàn jẹ náà ti mọ bí a ti ń mi ọwọ́. Kọ̀ǹpútà tilẹ̀ ń ṣe àwòrán èrò ìpolongo nísinsìnyí láìjẹ́ pé kámẹ́rà kankan dúró níbikíbi. Nítorí náà ni a fi ń bẹ ẹ̀yin olùkọ́: bí ẹ ti ń kọ́ ọmọ láti béèrè ẹni tí ó kọ ìwé àti ìdí tí ó fi kọ ọ́, ẹ kọ́ ọ kí ó béèrè ibi tí ẹni tí ó ya àwòrán dúró sí, àti ohun tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí a kò fi hàn wá.

A fẹ́ fi ẹ̀rí pẹ̀tù sí ìjà àwọn olùkọ́ méjì tí a fi bẹ̀rẹ̀. A kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ méjèèjì pé kí wọ́n jẹ́ kí a fi àwòrán wọn síbi kan náà wò. Èkínní kò dáhùn. Èkejì sọ pé àwọn ti pa á rẹ́ kí àyè lè gba ìròyìn tuntun.

Àrùn àtijọ́ ni èyí. Téèpù ayé ìgbà kan wọ́n púpọ̀, nítorí náà ni a fi máa ń pa ohun tí ó wà lórí rẹ̀ rẹ́ kí a lè tún un lò. BBC ṣe é. NASA ti Amẹ́ríkà pàápàá jẹ́wọ́ ní 2009 pé ó dà bí ẹni pé a ti pa téèpù tí a kọ́kọ́ fi gba àwòrán ìrìn àkọ́kọ́ nínú òṣùpá ní 1969 rẹ́, a sì ti fi gba nǹkan mìíràn. Ní Ìbàdàn, ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn eléré wa ṣe ní àwọn ọdún àkọ́kọ́ ni a kò tilẹ̀ gbà sílẹ̀ rárá. Ó jáde lójú afẹ́fẹ́, ó sì tán. Báwo ni a ó ti mọ bí ojú kámẹ́rà ti yí padà láàárín wa bí kò bá sí ohun tí a ó fi wé ti òní?

Ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ kò tí ì tán. Fíìmù Shaihu Umar, tí Adamu Halilu ṣe ní èdè Hausa ní 1976, ni àwọn ènìyàn ti rò pé ó ti sọnù pátápátá, kí a tó rí àwọn páànù rẹ̀ ní Èkó láàárín àwọn fíìmù tí ìpẹtà ti ń jẹ. Wọ́n tún un ṣe pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwọn ará Jámánì, wọ́n sì fi hàn ní Berlin ní 2018. Bí bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa bá ti ṣiṣẹ́ sítúdíò tàbí bá ẹgbẹ́ eléré rìn rí, kí onítọ̀hún wo abẹ́ ibùsùn àti orí àjà. Bí ó bá rí páànù irin pẹlẹbẹ, tàbí téèpù tí ó fẹ̀ bí ìgbànú, kí ó má ṣe sun ún, kí ó má sì ṣe ṣí i sínú oòrùn. Fíìmù tí ó bá ti ń rùn bí ọtí kíkan ti ń kú lọ, kò sì lè dúró pẹ́ mọ́. Ilé ìpamọ́ fíìmù ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Jọs. Bí ọ̀nà Jọs bá jìn, kí ó kọ̀wé sí ilé ìkàwé yunifásítì tí ó bá sún mọ́ ọn, kí ó kọ orúkọ ẹni tí ó ni ín àti ọdún rẹ̀ sára páànù náà kí ó tó gbé e lọ, nígbà tí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣì wà láàyè.